Oríkì Ọ̀rọ̀ àti Gbólóhùn Àpẹẹrẹ: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá Ṣe Lè Ní Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tí Ó Jinlẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta wò ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan, mo bá gbólóhùn kan pàdé tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ti kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ náà 'evaporate', ó sì ti ní kí olúkúlùkù fi í ṣe gbólóhùn kan. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé: 'My uniform evaporated before noon.' Olùkọ́ fi gègé pupa fa gbólóhùn náà já, kò sì kọ ohunkóhun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo pe ọmọ náà, mo bi í léèrè ohun tí ó rò kí ó tó kọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ hàn mí. Ohun tí a kọ sójú pátákó, tí òun náà sì dà kọ, ni 'evaporate', ilà kékeré kan, àti 'gbẹ'. Kò sí ohun mìíràn. Lójú tirẹ̀, kò ṣe àṣìṣe kankan. Omi a máa gbẹ, aṣọ a sì máa gbẹ. Bí omi bá lè 'evaporate', kí ni yóò dí aṣọ lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní tòótọ́. Nínú èdè wa, aṣọ a máa gbẹ lórí okùn, odò a máa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé a máa gbẹ lórí igi, ara aláìsàn a máa gbẹ, ojú egbò pàápàá a máa gbẹ. Gẹ̀ẹ́sì pín àwọn wọ̀nyí fún ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: 'dry' ni ti aṣọ, 'dry up' ni ti odò, 'wither' ni ti ewé, 'emaciated' ni wọn yóò pe ara aláìsàn, 'evaporate' sì ni ti omi inú àwo tí a gbé sí oòrùn. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo dípò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ti fa gbogbo ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Yorùbá náà ń dá lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kò sì fi ààlà kankan hàn án.

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ọ̀nà tí a lè fi gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ irú ewu bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinlẹ̀, pàápàá èyí tí a ń lò nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, kò ṣe é kọ́ nípa ọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rọ̀ kan. Oríkì ni ó ń fẹ́, kí a kọ oríkì náà ní Yorùbá, ní gbólóhùn tí ó délẹ̀. Lẹ́yìn náà kí gbólóhùn àpẹẹrẹ méjì tàbí mẹ́ta ní Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò fẹ́ kí a máa lo 'oríkì' ní ọ̀nà yìí. Wọ́n ní ti ìyìn ni oríkì, kì í ṣe ti gírámà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí oríkì ń ṣe. Ènìyàn mẹ́wàá lè máa jẹ́ Àjàyí ní àdúgbò kan. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀kan nínú wọn, tí a dé orí ìdílé rẹ̀ àti orírun rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣì í mú fún Àjàyí mìíràn mọ́. Ìyàsọ́tọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ tí à ń wá. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, 'ìtumọ̀' ni mo ń pe ọ̀rọ̀ èdè kan tí a fi dípò ti èdè mìíràn, 'oríkì' sì ni àlàyé tí ó ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ohun tí ó jọ ọ́.

Kí a má ṣe rò pé àwa nìkan ni ìṣòro yìí bá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti wà níbi tí a wà yìí. Láàárín ọdún 1500 sí 1600, àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn atúmọ̀ ìwé wọn ń kó ọ̀rọ̀ Látìnì, ti Gíríìkì àti ti Faransé wọ inú èdè wọn lọ́pọ̀ yanturu, débi pé ẹni tí kò kọ́ Látìnì kò mọ ohun tí a ń wí mọ́ ní èdè ìyá rẹ̀. Ní ọdún 1604, Robert Cawdrey, ẹni tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, tẹ ìwé kan jáde tí ó kó nǹkan bí 2,500 irú ọ̀rọ̀ líle bẹ́ẹ̀ jọ, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Òun ni a kà sí ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i wò, yóò rí i pé ọ̀nà kan náà ni òun àti ìwé ọmọbìnrin wa yẹn: ọ̀rọ̀ líle ní apá kan, ọ̀rọ̀ rírọrùn kan tàbí méjì ní apá kejì. Ó tó 150 ọdún kí Samuel Johnson tó gbé tirẹ̀ jáde ní 1755, tí ó sì fi ohun tí ó ju 100,000 àyọlò lọ láti inú ìwé àwọn òǹkọ̀wé hàn bí a ti ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ńlá ti Oxford, tí apá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1884 tí ó sì parí ní 1928, tẹ̀ lé ipa ọ̀nà kan náà. N kò ní pẹ́ lórí àwọn wọ̀nyí, nítorí pé ẹni tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti inú ilé ni wọ́n ṣe wọ́n fún.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kàn wá jù ni àwọn olùkọ́ tí ó lọ kọ́ ọmọ elédè mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Michael West ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Bẹ̀ńgálì, nígbà tí Íńdíà ṣì wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí i pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá ọ̀rọ̀ líle kan lọ sínú ìwé atúmọ̀-èdè, ọ̀rọ̀ tí ó tún le jù ú lọ ni yóò pàdé níbẹ̀. Ní ọdún 1935, òun àti James Endicott gbé ìwé kan jáde tí ó jẹ́ pé 1,490 ọ̀rọ̀ péré ni wọ́n fi kọ gbogbo oríkì inú rẹ̀. A. S. Hornby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n ń kọ́ni ní Jàpáàn tẹ tiwọn jáde ní Tókíò ní 1942. Ìwé yìí kan náà ni Oxford tún gbé jáde ní 1948, tí ó sì di èyí tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa lò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí Hornby fi kún un ni ìlànà bí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ṣe ń bá àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn rìn nínú gbólóhùn. Ní 1978 Longman gbé tirẹ̀ jáde, ó sì fi nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ kọ àwọn oríkì rẹ̀.

Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni ti 1987, tí a ń pè ní COBUILD, tí John Sinclair àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Yunifásítì Birmingham. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà kó àìmọye gbólóhùn tí àwọn ènìyàn ti kọ tàbí tí wọ́n ti sọ jọ, láti inú ìwọ̀nyẹn ni wọ́n sì ti mú àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń kọ oríkì wọn ni mo fẹ́ kí a fiyè sí. Wọn kì í kọ àpólà ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́jẹ́ kan sí iwájú ọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan tí ó délẹ̀ ni wọ́n ń kọ, tí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀: bí irú ohun báyìí bá ṣe irú nǹkan báyìí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. A yìn wọ́n pé ọgbọ́n tuntun ni.

Tuntun kẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọdé bi ìyá rẹ̀ pé kí ni a ń pè ní àfojúdi. Ìyá rẹ̀ kò ní sọ fún un pé ìwà àìbọ̀wọ̀fágbà ni. Ohun tí yóò sọ ni pé: 'Bí àgbà bá ń bá ọmọdé wí, tí ọmọ náà ń wò ó lójú kòrókòró, tí ó sì ń dá gbólóhùn padà fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àfojúdi nìyẹn.' Nínú ọ̀rọ̀ ìyá yìí, a mọ ẹni tí ó lè ṣe àfojúdi, a mọ ẹni tí a lè ṣe é sí, a sì mọ ìgbà tí a lè pe ìwà kan bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí ó bí wa ṣe ń kọ́ wa ní èdè nìyí, ó sì ṣe ni láàánú pé bí a bá ti wọ inú kíláàsì a ó pa á tì, a ó sì mú ti Cawdrey.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ ìyá yìí mú 'evaporate'. Bí omi tàbí ohun mìíràn tí ń ṣàn bá ń bọ́ láti ojú rẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀, tí a kò fi ojú rí i mọ́, láìjẹ́ pé ó hó lórí iná, a ó sọ pé ohun náà ń 'evaporate'. Àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ nìyí: 'The sea water in the plate evaporated, and only the salt was left.' 'My uniform dried because the water in it evaporated.' Gbólóhùn kejì yìí ni ìbá ti gba ọmọbìnrin náà là. Ó fi hàn pé aṣọ kò lọ sí ibì kankan. Omi inú rẹ̀ ni ó lọ.

Kì í ṣe pé ilé wa ṣófo. Láti ìgbà tí Àjàyí Crowther ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, a ti ní ìwé atúmọ̀-èdè. Ti ìjọ C.M.S. jáde ní 1913. Ti R. C. Abraham, tí ó jáde ní 1958, kún fún gbólóhùn àpẹẹrẹ débi pé ènìyàn lè fi ọjọ́ kan gbáko kà á bí ìwé ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ mọ Yorùbá ni Abraham ṣe ìwé rẹ̀ fún. Àwọn àkójọ èdè-ìperí tí àwọn onímọ̀ wa ṣe, irú èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, sì jẹ́ ti ẹni tí ó ti mọ ohun tí a ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì, tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá ni ó kù fún un. Ó tọ́ kí wọ́n rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun náà ní èdè kankan ni kò ní ìwé.

Ọ̀rọ̀ tí ó fi èyí hàn jù ni 'agbára'. Mo ti rí ìwé kíláàsì tí a ti kọ 'agbára' sí iwájú 'force', tí a tún kọ ọ́ sí iwájú 'energy' àti 'power'. Ọmọ tí ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ yóò rò pé ìwà àṣejù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ́ kí wọ́n ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí a mú un lọ sí etí kànga. Garawa omi lítà mẹ́wàá wà nínú kànga, ojú omi náà sì fi mítà márùn-ún jìn sí ibi tí a dúró sí. Kí omi yìí má baà já bọ́, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ máa fà á sókè ní ìwọ̀n nǹkan bí 100 'newton'. Fífà yẹn ni 'force'. Ó wà níbẹ̀ bí a tilẹ̀ dúró sójú kan, tí garawa kò gòkè, tí kò sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá wá fà á dé òkè, a ti lo nǹkan bí 500 'joule' lórí omi náà. Ìyẹn ni 'energy'. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fa garawa yìí ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, ìyá àgbà kan sì fa irú rẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú-àáyá. 'Force' tí àwọn méjèèjì lò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, 'energy' tí omi náà gbà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n 'power' ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà jẹ́ 100 'watt', ti ìyá àgbà sì jẹ́ 25. Lẹ́yìn èyí, ọmọ lè ka 'The old woman used the same energy but less power', kí ó sì mọ̀ pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀.

Nínú ìṣirò yìí, mo fi ìwọ̀n okùn àti ti garawa fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ físíìsì yóò sọ pé mo kà wọ́n sí 'negligible', ọ̀rọ̀ yìí sì ni ó gbé mi dé ibi tí ìṣòro náà ti le jù. Gbogbo wa ni a ń ṣọ́ra fún 'photosynthesis' àti 'electrolysis'. Olùkọ́ a máa dúró lórí wọn, ìwé a máa fi lẹ́tà dúdú kọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í dúró lórí 'assume', 'negligible', 'constant', 'tend', 'derive' àti 'proportion', bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó so ìbéèrè ìdánwò ró. Ọmọ tí ó rò pé ìbátan 'negligent' ni 'negligible' nínú ìtumọ̀ yóò máa wá ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa nínú ìbéèrè tí ó dá lórí òkúta tí ń já bọ́. P. L. Gardner ṣe ìwádìí lórí irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ọsirélíà, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972. Cassels àti Johnstone ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Bíríténì, tiwọn sì jáde ní 1985. Àwọn ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ilé fún pọ̀ nínú àwọn tí ó ṣi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lóye. Ní ọdún 2000, Averil Coxhead ní New Zealand ṣe àkójọ àwọn ìdílé ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jẹyọ nínú ìwé ìmọ̀ gbogbo, wọ́n sì jẹ́ 570. Kò pọ̀ ju ohun tí ọmọ kan lè kọ́ ní ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lọ, bí a bá ní oríkì wọn ní Yorùbá.

Oríkì 'negligible' nìyí gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń fi í kọ́ni: bí ohun kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí a lè fò ó nínú ìṣirò, tí ohun tí a ó rí ní ìparí kò sì ní yàtọ̀ ní ọ̀nà tí ó dí wa lọ́wọ́, ohun náà jẹ́ 'negligible'. Ẹ kíyè sí 'nínú ìṣirò'. Kí n tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i, ọmọ kan ti kọ ọ́ fún mi pé àbúrò òun jẹ́ 'negligible'.

Ó wá kan gbólóhùn àpẹẹrẹ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú rẹ̀ ni ó jẹ́ àpẹẹrẹ fún un. Bí mo bá kọ 'The scientist had a hypothesis', mo lè yọ 'hypothesis' kúrò kí n fi 'goat' sí i, gbólóhùn náà yóò sì dúró ṣinṣin. Irú èyí kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ 'Our hypothesis was that the plants near the window would grow taller. When we measured them, it proved false', ewúrẹ́ kò lè wọ ibẹ̀ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i pé èrò ni, pé a gbé e kalẹ̀ kí a tó wọn nǹkan, àti pé ó lè já sí irọ́ láìba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo rọ àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè kí wọ́n máa fi ewúrẹ́ yìí dán àpẹẹrẹ wọn wò.

Àpẹẹrẹ ni ó sì ń fi alábàárìn ọ̀rọ̀ hàn. 'Heavy rain results in erosion' àti 'Erosion results from heavy rain' jẹ́ ohun kan náà. Bí 'in' àti 'from' bá wá pàrọ̀ ipò, ọ̀gbàrá tí ń wọ́ ilẹ̀ lọ ni yóò di ohun tí ń mú òjò rọ̀. Èdè tiwa ní 'yọrí sí' àti 'ti ara rẹ̀ wá', tí ọ̀nà wọn jìnnà síra gan-an. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀-atọ́kùn kékeré yìí kì í ṣe hàn sí ojú akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Àwọn kan a máa gbà wá nímọ̀ràn pé kí a tú ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí a wá orísun rẹ̀ ní Gíríìkì tàbí Látìnì. Ìmọ̀ràn yìí dára dé ìwọ̀n kan, ó sì ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti rántí. Ṣùgbọ́n orísun kì í ṣe oríkì. Èrò pé òun ni ó ń mú kí nǹkan kan bí ọtí kíkan ni Lavoisier ní lọ́kàn nígbà tí ó fún 'oxygen' ní orúkọ rẹ̀. Ní 1810 Humphry Davy fi hàn pé ásíìdì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà tí kò ní 'oxygen' nínú rárá. 'Malaria' túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ burúkú ní èdè Ítálì. Ní 1897, ní Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀fọn. Ó dára pé 'ibà' ni àwọn baba wa ń pè é. Bí atúmọ̀ èdè kan bá ti dá orúkọ fún un láti inú orísun rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni àwọn ọmọ wa ìbá máa sá fún, tí ẹ̀fọn ìbá sì máa mu ẹ̀jẹ̀ wọn.

Àwọn òbí mìíràn yóò wí pé bí a bá ń fi Yorùbá ṣàlàyé, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kò ní dán. Fún wọn, mo tọ́ka sí iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, tí a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Ohun tí mo ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọ tèmi kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ní ọ̀sẹ̀ kan, ojú ewé kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oríkì Yorùbá ni a ń kọ sókè, èyí tí a jọ ń ṣe nínú kíláàsì títí àríyànjiyàn yóò fi tán. Gbólóhùn méjì láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì wọn tẹ̀ lé e. Ọmọ sì fi ìyókù ojú ewé sílẹ̀ fún ìgbàkúgbà tí ó bá tún pàdé ọ̀rọ̀ náà níbòmíràn. Púpọ̀ nínú wọn ní fóònù tí ó lè fi oríkì Gẹ̀ẹ́sì hàn wọ́n kí n tó ṣẹ́jú. Kò dí wa lọ́wọ́, a ń lò ó láti yẹ tiwa wò.

Ọ̀kan ṣì kù tí n kò rí yanjú. Mo ti fi 'ipá' sílẹ̀ fún 'force' àti 'agbára' fún 'energy', àwọn ọmọ sì gbà á láìjanpata. Fún 'power', 'agbára tí a lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan' ni à ń pè títí di ìsinsìnyí. Oríkì ni, ó sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ó gùn jù fún orúkọ. Bí olùkọ́ físíìsì kan bá ní èyí tí ó ti dán wò ní kíláàsì, inú mi yóò dùn láti rí i nínú ojú ewé wọ̀nyí, pẹ̀lú gbólóhùn àpẹẹrẹ rẹ̀.